Ibi Tí Àlejò Yóò Jókòó Lórí Òrùka Bẹnsíìnì: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n Lórí Bébà, Bí A Ṣe Ń Rí I Nínú Láàbù

Ẹ wo kẹ́míkà méjì yìí: methyl benzoate àti phenyl acetate. Bí ẹ bá ka átọ́ọ̀mù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iye kan náà ni, C8H8O2 ni àwọn méjèèjì. Òrùka bẹnsíìnì wà lára èkíní, ó wà lára èkejì. Ester ni èkíní, ester náà ni èkejì. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ fi NO2 (gúrúùpù nitro) sí wọn lára, methyl benzoate yóò lọ́ra, yóò sì gbà á sí meta, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kejì sí ibi tí gúrúùpù rẹ̀ wà. Phenyl acetate yóò tètè gbà á, ortho (ẹ̀gbẹ́ gúrúùpù náà gan-an) àti para (ọ̀kánkán rẹ̀) ni yóò sì fi í sí. Ohun kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú methyl benzoate, kábọ́ọ̀nù ló fara kan òrùka; nínú phenyl acetate, ọ́síjìn ni.

Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹ bá gba àdúgbò Under G kọjá lálẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí wọ́n ń há àtòjọ sórí: OH ortho-para, NO2 meta, CHO meta, Cl ortho-para. Àtòjọ náà kò burú. Àmọ́ ìgbà tí ìbéèrè bá gbé gúrúùpù tí kò sí nínú rẹ̀ wá, tàbí tó fi onílé méjì sórí òrùka kan, kò ní wúlò mọ́. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń wo átọ́ọ̀mù tó kan òrùka kò nílò láti há ju gúrúùpù mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí.

Láti ibi yìí lọ, onílé ni a ó máa pe gúrúùpù tó ti wà lórí òrùka tẹ́lẹ̀, àlejò sì ni èyí tó ń bọ̀. Onílé ló ń sọ ibi tí àlejò yóò jókòó, òun náà ló ń sọ bóyá ilẹ̀kùn yóò tètè ṣí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùka

Àlejò tí à ń sọ yìí, ebi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń pa á. Ó lè jẹ́ NO2+ tí nitric acid àti sulfuric acid líle jọ bí, ó lè jẹ́ bromine tí FeBr3 ti dì mú, ó lè jẹ́ SO3, tàbí acylium ion (CH3CO+ àti irú rẹ̀) nínú iṣẹ́ tí Friedel àti Crafts gbé jáde ní 1877. Bẹnsíìnì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pi mẹ́fà tó ń yí òrùka ká. Àlejò yóò gba méjì nínú wọn, yóò fi so ara rẹ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù kan. Mẹ́rin ló kù fún kábọ́ọ̀nù márùn-ún, àmì + yóò sì bọ́ sórí òrùka. Ìpele yìí ló nira jù, òun ló sì ń pinnu ìyára gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, H+ yóò já bọ́, òrùka yóò padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn kì í pẹ́.

Ẹ mú bírò àti bébà. Ẹ ya òrùka, kí ẹ fi 1 dé 6 sí àwọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀, kí onílé wà lórí 1. Ẹ wá jẹ́ kí àlejò jókòó sórí 4, ìyẹn para. Bí ẹ bá ń sún ìdè onílọ́po méjì kiri, ẹ ó rí i pé àmì + lè wà lórí 3, lórí 5, àti lórí 1. Ẹ gbé àlejò lọ sórí 2, ìyẹn ortho: àmì + wà lórí 1, 3 àti 5. Ẹ gbé e lọ sórí 3, ìyẹn meta: ó wà lórí 2, 4 àti 6.

Kábọ́ọ̀nù 1, níbi tí onílé ń gbé, gba àmì + nígbà tí àlejò wà ní ortho tàbí para. Kò gbà á rárá nígbà tí àlejò wà ní meta. Inú àkíyèsí kékeré yìí ni gbogbo òfin yòókù ti ń jáde. Onílé tó lè tu àmì + nínú yóò ran ortho àti para lọ́wọ́. Onílé tí òun náà ń wá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri kò ní fẹ́ àmì + lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di dandan kí àlejò lọ sí meta. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìdánwò pé irú onílé bẹ́ẹ̀ ran meta lọ́wọ́. Kò ran ibì kankan lọ́wọ́. Ó ba ibi gbogbo jẹ́, ó kàn jẹ́ pé meta ni ìbàjẹ́ rẹ̀ ti kéré jù.

Ẹ wo átọ́ọ̀mù tó fara kan òrùka

Lone pair ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó wà lọ́wọ́ átọ́ọ̀mù tí kò fi so nǹkan kan. Bí átọ́ọ̀mù tó kan òrùka bá jẹ́ ọ́síjìn tàbí náítírójìn tó ní lone pair, tí àmì + bá ti dé kábọ́ọ̀nù 1, lone pair náà yóò sún wọlé láti dí àlàfo. Àwòrán kẹrin yóò wá kún mẹ́ta ìṣáájú, nínú àwòrán kẹrin yìí sì ni gbogbo kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn àti náítírójìn ti ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ pé. Ẹ má gbàgbé láti yà á; ọ̀pọ̀ ló máa ń ya mẹ́ta, wọ́n á ní ó tán.

NH2, N(CH3)2, OH àti OCH3 ló lágbára jù nínú ìdílé yìí. Phenol, ìyẹn bẹnsíìnì tó ní OH, kò nílò FeBr3 rárá. Ẹ kán bromine inú omi sí i, àwọ̀ rúsúrúsú bromine yóò pòórá lójú ẹsẹ̀, ohun funfun yóò sì sọ̀ kalẹ̀: 2,4,6-tribromophenol ni, mẹ́ta ló wọlé lẹ́ẹ̀kan. Aniline, tó ní NH2, ń ṣe bákan náà. Bẹnsíìnì fúnra rẹ̀ kò ní dá bromine inú omi lóhùn.

NHCOCH3 àti OCOCH3 jẹ́ ọmọ ìyá wọn tí ara wọn balẹ̀. Lone pair wà lórí náítírójìn tàbí ọ́síjìn tó kan òrùka, ṣùgbọ́n C=O tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí acetanilide, tí onílé rẹ̀ jẹ́ NHCOCH3, fi ń gba bromine kan ṣoṣo nígbà tí aniline ń gba mẹ́ta.

CH3 kò ní lone pair, ṣùgbọ́n ìdè C–H rẹ̀ ń da díẹ̀ sórí òrùka. Ìyẹn tó láti jẹ́ kí toluene gba NO2 ní ìlọ́po bí 25 ju bẹnsíìnì lọ.

Halogen, ìyẹn chlorine, bromine àti ẹbí wọn, ló máa ń da ènìyàn láàmú jù. Chlorine ní lone pair mẹ́ta, ó sì tún fẹ́ràn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an. Gbogbo ìgbà ló ń fà láti inú ìdè, nítorí náà òrùka yóò lọ́ra: chlorobenzene ń gba NO2 ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 30 ìyára bẹnsíìnì. Ṣùgbọ́n bí àmì + bá dé kábọ́ọ̀nù 1, lone pair rẹ̀ yóò sún wọlé bó ti wù kó kéré mọ, àlejò yóò sì lọ sí ortho àti para. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kéré nítorí pé ìpele kẹta ni lone pair chlorine wà, ti kábọ́ọ̀nù wà ní ìpele kejì. Wọn kò bára mu dáadáa.

Àwọn onímeta wá kù. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ wọ́n ni pé átọ́ọ̀mù tó kan òrùka ti so mọ́ ọ́síjìn tàbí náítírójìn pẹ̀lú ìdè onílọ́po méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ó ru àmì + fúnra rẹ̀, tàbí kí fluorine tàbí chlorine mẹ́ta yí i ká. CHO, COCH3, COOH, COOCH3, CN, SO3H, NO2, N(CH3)3+, CF3 àti CCl3 wà níbẹ̀. Nitrobenzene ń gba NO2 kejì ní nǹkan bí 6 nínú 100 mílíọ̀nù ìyára bẹnsíìnì, bí 93% rẹ̀ sì jẹ́ meta. Ìdí nìyí tó fi ṣeé ṣe láti dá bẹnsíìnì dúró sórí NO2 kan, bí ẹ bá ń ṣọ́ ooru kó má ju 55 tàbí 60°C lọ.

Ìṣirò kan tó ń tú gbogbo rẹ̀ síta

Ìyára lápapọ̀ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ipò kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń mọ ìyẹn nìyí. Ẹ mú ìyára kẹ́míkà náà sí ti bẹnsíìnì, ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ibi mẹ́fà ni àlejò lè jókòó sí lórí bẹnsíìnì. Ẹ tún fi ìdá ohun tó jáde ní ipò tí ẹ ń wò sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye irú ipò bẹ́ẹ̀ tó wà lórí òrùka pín in: ortho 2, meta 2, para 1.

Toluene ń mú nǹkan bí 59% ortho, 4% meta àti 37% para jáde. Ìṣirò rẹ̀:

ortho: 25 × 6 × 0.59 ÷ 2 = 44
meta: 25 × 6 × 0.04 ÷ 2 = 3
para: 25 × 6 × 0.37 ÷ 1 = 56

Ẹ wo meta. 3 ni, kì í ṣe ohun tó wà nísàlẹ̀ 1. Meta lórí toluene yára ju kábọ́ọ̀nù kan lórí bẹnsíìnì lọ. Ó kàn jẹ́ pé ortho àti para sáré fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ni. Ẹ tún rí i pé ortho tó pọ̀ jù nínú ìgò kì í ṣe òun ló lágbára jù. Méjì ni wọ́n, para jẹ́ ọ̀kan. Ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, para ló borí.

Chlorobenzene, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 0.033, ń mú bí 30% ortho, 1% meta àti bí 70% para jáde. Ẹ ṣe ìṣirò náà: 0.03 fún ortho, 0.001 fún meta, 0.14 fún para. Kò sí èyí tó dé 1. Ẹni tó bá béèrè bí ohun tó ń fa òrùka sẹ́yìn ṣe tún lè jẹ́ ortho-para, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta yìí hàn án.

Ibi tí àtòjọ ti ń tan ènìyàn jẹ

Aniline ni ẹ kọ́kọ́ máa ṣọ́ra fún. Àtòjọ ní NH2 jẹ́ ortho-para, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó o sínú nitric acid àti sulfuric acid líle, lone pair yóò gba H+, NH2 yóò di NH3+, onílé ti yí padà nìyẹn kí àlejò tó dé. Ohun tó máa ń jáde jẹ́ meta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, para díẹ̀ ju ìdajì lọ, ortho kò ju 2% lọ. Nitric acid yóò tún sun apá kan nínú aniline di ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fi acetic anhydride sọ aniline di acetanilide, kí ẹ fi NO2 sí i, kí ẹ wá fi ásíìdì tí a bomi là sè é láti yọ acetyl (COCH3) kúrò.

Friedel-Crafts tún ní ìṣòro tirẹ̀. AlCl3 tí a ń lò fún un ń wá lone pair kiri. Bí NH2 bá wà lórí òrùka, ara rẹ̀ ni AlCl3 yóò lẹ̀ mọ́, iṣẹ́ yóò dúró. Bí NO2, CHO tàbí gúrúùpù onímeta mìíràn bá wà níbẹ̀, òrùka kò ní lágbára láti ṣe é rárá. Àwọn kan tiẹ̀ ń lo nitrobenzene gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń po iṣẹ́ Friedel-Crafts sínú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní dá sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìdè onílọ́po méjì ló ń ránni lọ sí meta. Nínú cinnamic acid, kábọ́ọ̀nù tó kan òrùka so mọ́ kábọ́ọ̀nù mìíràn pẹ̀lú ìdè onílọ́po méjì, ortho àti para sì ni NO2 ń lọ. Ọ́síjìn tàbí náítírójìn ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ìdè náà.

Bí òrùka bá jẹ́ méjì, ìbéèrè náà ṣì ni: átọ́ọ̀mù wo ló kan èwo? Benzanilide ní òrùka kan tó kan C=O, òmíràn kan NH. Èyí tó kan NH ni àlejò yóò wọ̀, para ni yóò sì jókòó sí jù. Ìbéèrè tó dára gan-an nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò.

Ìtóbi onílé pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fi C(CH3)3 rọ́pò CH3 orí toluene, ortho yóò já láti 59% sí nǹkan bí 16%, para yóò gòkè dé 73%. Ara onílé ti dí ẹnu ọ̀nà ortho.

Bí onílé bá jẹ́ méjì

Bí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò, kò sí wàhálà: nínú 4-nitrotoluene, CH3 ń tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, NO2 náà ń tọ́ka síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí meta tirẹ̀, 2,4-dinitrotoluene ló sì ń jáde. Bí wọn kò bá fẹnu kò, ẹni tó ń fúnni ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jù ló ń pàṣẹ. Nínú 4-methylphenol, bromine yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ OH. Nínú 4-methylacetanilide, yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ NHCOCH3. Ẹni tó ń fúnni máa ń borí ẹni tó ń fà, nítorí pé ẹni tó ń fà kò ní ibì kan tó ń là fún àlejò.

Ibi tó wà láàárín onílé méjì tó jẹ́ meta sí ara wọn kì í gba àlejò bọ̀rọ̀, bí wọ́n tiẹ̀ tọ́ka síbẹ̀. Nínú 1,3-dimethylbenzene, 4 ni ẹ máa kọ, kì í ṣe 2.

Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ ṣe nǹkan láti orí bẹnsíìnì tàbí toluene, ibi tí máàkì wà ni ètò ìgbésẹ̀. Láti orí toluene, ẹ lè ṣe 4-nitrobenzoic acid, ẹ sì lè ṣe 3-nitrobenzoic acid pẹ̀lú kẹ́míkà kan náà. Fún ti 4, ẹ fi NO2 sí i nígbà tí CH3 ṣì wà níbẹ̀, ẹ ya para sọ́tọ̀ kúrò lára ortho, kí ẹ tó fi KMnO4 gbígbóná sọ CH3 di COOH. Fún ti 3, KMnO4 ni àkọ́kọ́, NO2 ló kẹ́yìn.

1-bromo-3-nitrobenzene: NO2 kọ́kọ́, bromine lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i padà, ortho àti para ni ẹ ó rí. 3-nitroacetophenone dà bí ẹni pé èyíkéyìí lè ṣáájú, nítorí onímeta ni gúrúùpù méjèèjì, ṣùgbọ́n COCH3 gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí NO2 bá ti wà níbẹ̀, Friedel-Crafts ti parí.

Bí ẹ bá fẹ́ ortho nìkan, tí para ń dí yín lọ́wọ́, SO3H lè jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó ṣeé yọ. Fún 2-nitroaniline, ẹ fi SO3H sí para lórí acetanilide, ẹ fi NO2 sí ortho, kí ẹ wá fi ásíìdì tí a bomi là sè é. SO3H àti acetyl yóò jọ kúrò.

Nínú láàbù: NO2 lórí methyl benzoate

Iṣẹ́ yìí ló dára jù láti fi rí meta lójú, nítorí ohun tó ń jáde máa ń di kírísítálì geere. Ẹ wọ awò ààbò, ìbọ̀wọ́ àti kóòtù láàbù, kí ẹ ṣe é nínú fume cupboard (àpótí láàbù tó ń fa èéfín jáde), kí olùkọ́ tàbí ọ̀gá láàbù wà nítòsí. Ásíìdì líle méjì ni a fẹ́ lò. Bí ó bá ta sí ara, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò: methyl benzoate 3.05 g, tó jẹ́ nǹkan bí 2.8 mL, sulfuric acid líle 8 mL lápapọ̀, nitric acid líle 2 mL, yìnyín fífọ́ 25 g fún dídà sí, àti òmíràn púpọ̀ fún títutù, methanol tó tutù nini 10 mL, pẹ̀lú díẹ̀ sí i fún títún un yọ́.

Yìnyín ni kókó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ooru inú láàbù lè kọjá 30°C lọ́sàn-án, iná mànàmáná sì lè lọ nígbàkigbà. Ẹ ra omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi ọmọ odó lù ú títí yóò fi wẹ́wẹ́. Ẹ pín in sí méjì: èyí tí ẹ ó da iṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ mọ́, kí iyọ̀ má kàn án, èyí tí ẹ ó fi yí ìgò ká, ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sí i, yóò tutù ju òdo lọ. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí yìnyín kò bá tó fún gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ da sulfuric acid 6 mL sínú conical flask 50 mL, ẹ gbé e sínú yìnyín títí tẹ̀mómítà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 0°C. Ẹ rọra da methyl benzoate sí i, kí ẹ máa yí ìgò náà. Nínú ìgò mìíràn tó wà nínú yìnyín, ẹ kó sulfuric acid 2 mL àti nitric acid 2 mL pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi dírọ́pà mú àdàlù yìí, kí ẹ máa kán an sínú methyl benzoate, kí ẹ má dẹ́kun yíyí ìgò. Tẹ̀mómítà gbọ́dọ̀ wà láàárín 5 àti 15°C. Bí ó bá ti fẹ́ kọjá 15, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Kíkán yìí lè gbà tó ìṣẹ́jú 15. Kò sí ohun tó ń bani nínú jẹ́ bíi kí ènìyàn kánjú níbí, nítorí NO2 kejì ń dúró de ooru: methyl 3,5-dinitrobenzoate ni yóò dà pọ̀ mọ́ tiyín.

Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òtútù yóò sọ pé kí ẹ jẹ́ kó wà ní ìwọ̀n ooru inú yàrá fún ìṣẹ́jú 15. 20 sí 25°C ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí yàrá yín bá ti jẹ́ 33, ẹ gbé ìgò náà sínú bíkà omi tí ẹ bu yìnyín díẹ̀ sí, kí ó wà ní 22 tàbí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí yìnyín 25 g, kí ẹ máa rò ó. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé omi lẹ ń dà sórí ásíìdì. Ásíìdì ló ń lọ sórí yìnyín. Ohun funfun yóò yọ. Bí ó bá jẹ́ òróró ló yọ dípò ohun líle, yìnyín yín ti yọ́ jù. Ẹ bu òmíràn sí i, ẹ fi ọ̀pá dígí họ ẹ̀gbẹ́ bíkà, yóò dì.

Ẹ sẹ́ ẹ lórí Büchner funnel (àrọ tí a ń tẹ́ bébà sẹ́ẹ̀ sí), ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí ẹ tó lo methanol, ẹ da omi ásíìdì tó wà nínú filter flask sínú ìgò ìdọ̀tí tirẹ̀. Nitric acid àti methanol kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìgò kan. Ẹ wá fi methanol tó tutù nini fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, 5 mL lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Methanol yìí ló ń kó ortho lọ: methyl 2-nitrobenzoate kì í dì títí ooru yóò fi lọ sí nǹkan bí −13°C, òróró ni, kò sì ní dúró lórí bébà. Bí methanol kò bá tutù, yóò kó tiyín náà lọ.

Ẹ fi methanol tó wúwo tó ohun tí ẹ rí tún un yọ́, lórí omi gbígbóná, láìsí iná tó ń jó nítòsí, torí 65°C ni methanol ń hó. Bí ó bá tutù, tí kírísítálì padà yọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bí gbogbo methyl benzoate bá yí padà, 4.06 g ni ẹ ó ní. Ẹ má retí gbogbo rẹ̀.

Methyl 3-nitrobenzoate ń yọ́ ní 78°C. Bí tiyín bá ń yọ́ láti 70 lọ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì gbẹ tàbí kí ortho ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un gbẹ kí ẹ tó tún fi methanol yọ́ ọ. Para fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bí 95, 3,5-dinitro ní nǹkan bí 108, ṣùgbọ́n ẹ má retí nọ́ńbà wọ̀nyí nínú àdàlù. Àdàlù máa ń fa ìwọ̀n yíyọ́ sísàlẹ̀ ni, kì í gbé e sókè.

Bromine lórí acetanilide

Ẹ ṣe èyí lẹ́yìn ti òkè, kí ẹ lè fi wé ara wọn. Kò sí FeBr3, kò sí ooru. Ẹ yọ́ acetanilide 1.35 g sínú glacial acetic acid 5 mL. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá láàbù fún yín ní bromine 0.53 mL tó ti wà nínú acetic acid 2.5 mL, bromine fúnra rẹ̀ ń jó awọ ara gidi, òórùn rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà inú fume cupboard ni, kí sodium thiosulfate inú omi wà lọ́wọ́. Ẹ kán an sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń pòórá ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó pòórá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá dà á sínú omi tútù 40 mL. Bí àwọ̀ òféèfé bá ṣẹ́kù, ẹ bu sodium metabisulfite díẹ̀ sí i títí yóò fi funfun.

Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ fi ethanol àti omi tún un yọ́ bí ti ìṣáájú, kí kírísítálì padà yọ. 4-bromoacetanilide ń yọ́ ní 167°C. Ortho tó bá wà níbẹ̀ kéré, inú ethanol ni yóò sì dúró sí. Bí ohun tí ẹ ní bá ti ń yọ́ ní ìsàlẹ̀ 150, acetanilide tí kò gba bromine, tó ń yọ́ ní 114, ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀: ẹ wò bóyá bromine yín ti ń fò lọ kúrò nínú ìgò kí ẹ tó kán an.